Wáìnì títọ́wò ní ọ̀sán Sátidé kan lójú ọ̀nà 290 ní Texas

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Austin ni mò ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún ń bọ̀ láti Houston ní oṣù October, a sì fẹ́ lo ọ̀sán Sátidé kan ní àwọn ilé wáìnì tó wà lọ́nà Fredericksburg. Ẹnì kan nínú wa kì í mutí rárá. Wáìnì dídùn tí wọ́n ń gbé ka tábìlì níbi ìnáwó nìkan ni àwa tó kù mọ̀. Ilé mélòó ló yẹ ká dé? Kí la ó máa ṣe níbẹ̀ tí a ò fi ní máa wo ojú ara wa? Báwo la ó sì ṣe mọ èyí tó yẹ ká rà?

Ìdáhùn: Ilé méjì ni, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ sì máa tu wáìnì náà jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá máa ń ka ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ètò wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ilé kẹta, ahọ́n wọn ti kú, orí wọn ti gbóná, wọ́n kàn ń mutí ni. Owó ìtọ́wò ni wọ́n sì ń san fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agbọ́tí sábà máa ń bu áńsì kan sí kan àbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 30 sí 45, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi wáìnì márùn-ún ló wọ́pọ̀ kí wọ́n gbé kalẹ̀. Áńsì kan àbọ̀ lọ́nà márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 220, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò kan. Wáìnì pupa ilẹ̀ gbígbóná sábà máa ń gbé agbára 14% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú 14.5%, gíráàmù 25 ọtí gidi ló wà nínú mílílítà 220 yẹn. Gíráàmù 14 ni wọ́n ń kà sí ife kan ní Amẹ́ríkà. Ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife méjì nìyẹn, ilé méjì súnmọ́ mẹ́rin, ilé mẹ́ta ti lé ní márùn-ún. Ẹ̀dọ̀ èèyàn kì í sì í rí ju nǹkan bí ife kan mú kúrò lára láàárín wákàtí kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ife náà kéré lójú, kò sì sẹ́ni tó ń kà á.

Nítorí náà, ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó máa wa ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ yín tí kì í mutí ni gbogbo ojú máa kọ́kọ́ wò. Ẹ bi í ná, kí ẹ má kàn sọ ọ́ di dírẹ́bà nítorí pé kì í mu. Òun náà wá fàájì wá ni. Bí kò bá fẹ́, ẹ háyà bọ́ọ̀sì kékeré pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn káàkiri àwọn ilé wáìnì wà ní Fredericksburg àti Austin, owó rẹ̀ kì í sì í ni èèyàn mẹ́fà lára púpọ̀ bí ẹ bá pín in. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé Uber láti padà. Oko ni ibẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í yá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Òfin Texas fi ààlà sí 0.08% nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá lè mú ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá hàn pé ọtí ti dí ojú tàbí ìrònú rẹ̀. Ìgò tí ẹ ti ṣí kò sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí èèyàn jókòó sí nínú ọkọ̀ tiyín, ì báà jẹ́ ọwọ́ èrò tó jókòó sẹ́yìn ló wà. Búùtù ni kó máa bá lọ.

Gbogbo yín gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, láìwo ti ewú orí. Ọdún 21 ni òfin sọ, àwọn ilé kan kì í sì í dá ẹnikẹ́ni sí.

October ni Texas ń pè ní oṣù wáìnì rẹ̀, nítorí náà gbogbo Sátidé oṣù yẹn máa ń kún. Èèyàn mẹ́fà kò lè kàn yọjú. Ẹ gba ààyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa yíyí ètò padà, torí àwọn kan máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wá. Dọ́là 20 sí 40 lórí ẹnì kan ni ẹ lè fi sọ́kàn. Àwọn ilé kan máa ń yọ owó náà kúrò bí ẹ bá ra ìgò. Nígbà tí ẹ bá ń gba ààyè, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ẹni tí kì í mu máa san owó? (Ọ̀pọ̀ kì í gbà á.) Ṣé ẹ lè gbé oúnjẹ wá? Ṣé ẹni méjì lè pín ìtọ́wò kan? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáa gan-an fún yín. Bí ẹ̀yin márùn-ún tó ń mu bá gba ìtọ́wò mẹ́ta, owó dínkù, ọtí dínkù, ẹ ó sì tún máa bá ara yín jiyàn lórí ife kan náà. Ìjiyàn yẹn gan-an ni adùn ọjọ́ náà.

Láti Austin dé Johnson City tó wákàtí kan. Láti ibẹ̀ dé Fredericksburg jẹ́ nǹkan bíi máìlì 30, Hye àti Stonewall wà láàárín, àwọn ilé wáìnì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Ẹ mú ilé méjì tó súnmọ́ ara wọn. William Chris Vineyards wà ní Hye, àjàrà Texas nìkan ni wọ́n sì ń lò. Pedernales Cellars wà nítòsí Stonewall, Tempranillo àti Viognier, oríṣi àjàrà méjì, ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Becker Vineyards, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, wà láàárín Stonewall àti Fredericksburg, ó sì tóbi, ó gba èrò. Ẹ kọ́kọ́ dé èyí tó kéré, tó parọ́rọ́, ní nǹkan bí aago méjìlá àbọ̀, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ tí agbọ́tí sì ráyè dáhùn ìbéèrè. Ẹ jẹun gidi lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilé kejì wá jẹ́ aago mẹ́ta. Wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ tó fún ilé kan.

Ó yẹ ká sọ nǹkan kan nípa ọgbà àjàrà tí ẹ ó rí níwájú ilé. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ohun tó wà nínú ife yín má ti ibẹ̀ wá. Texas Hill Country ni orúkọ agbègbè náà lábẹ́ òfin láti 1991, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi éékà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, síbẹ̀ ìba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbin àjàrà sí. Texas High Plains, lẹ́bàá Lubbock, ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà ìpínlẹ̀ náà. Ó tó wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ sí Fredericksburg. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí 4,000, òru ibẹ̀ sì máa ń tutù. Òru tútù ló ń jẹ́ kí èso àjàrà má pàdánù gbogbo kíkan rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Kíkan yẹn ni ẹ ó máa wá kiri nínú ife, nítorí ilẹ̀ gbígbóná máa ń mú kí ṣúgà yá ju kíkan lọ, wáìnì á sì wúwo lẹ́nu láìní ohun tó máa gbé e dìde.

Lébẹ́ẹ̀lì ló máa sọ òótọ́ fún yín. Bí ó bá kọ Texas nìkan, ó kéré tán 75% àjàrà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Texas. Bí ó bá kọ Texas High Plains tàbí Texas Hill Country, 85% gbọ́dọ̀ ti agbègbè yẹn wá, òfin tí ìpínlẹ̀ náà sì ṣe ní 2021 ní kí ìyókù jẹ́ ti Texas pẹ̀lú. Bí ó bá kọ American, àjàrà náà lè ti ìpínlẹ̀ yòówù wá. Kò sọ pé wáìnì náà burú. Ṣùgbọ́n bí Texas lẹ fẹ́ tọ́ wò, kì í ṣe òun nìyẹn.

Ẹ má kọ́kọ́ wá Cabernet níbẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ lẹ mọ̀. Àjàrà tó mọ oòrùn jẹ ló ń ṣe dáadáa jù ní Texas: Tempranillo tó ti Spéìn wá, Mourvèdre, Sangiovese àti Tannat; nínú àwọn funfun ẹ̀wẹ̀, Viognier, Roussanne àti Vermentino. Lápá etíkun, ẹ̀bá Houston níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ti ń bọ̀, kòkòrò kan ń gbé bakitéríà Xylella fastidiosa láti igi dé igi, ó sì ń pa àjàrà ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin Blanc du Bois níbẹ̀, èyí tí wọ́n mú jáde ní Florida ní 1987, àti Black Spanish. Àìsàn náà kì í tètè pa àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àìsàn àjàrà kì í ṣe tuntun ní Texas: nígbà tí kòkòrò phylloxera ń jẹ gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Faransé run ní nǹkan bí ọdún 150 sẹ́yìn, Thomas Volney Munson ti ìlú Denison, ní àríwá Texas, wà lára àwọn tó tọ́ka sí àjàrà ilẹ̀ Texas tí àwọn Faransé lè fi ṣe ìdí igi, kí wọ́n lè lọ́ tiwọn lé e. Faransé fi oyè dá a lọ́lá ní 1888.

Ọ̀rọ̀ dídùn ńkọ́? Wáìnì ìnáwó tí ẹ mọ̀ yẹn ní ṣúgà nínú, ọ̀pọ̀ ìgbà ju gíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Èyí tí wọ́n máa gbé fún yín ní ilé wọ̀nyí kì í sábà tó gíráàmù mẹ́rin. Ìwúkàrà ló ti jẹ ṣúgà inú èso náà tán tó sọ ọ́ di ọtí. Ibi tí wọ́n bá ti dá a dúró kó tó jẹ ẹ́ tán ni adùn ń kù. Nítorí náà ìdọ́ wáìnì àkọ́kọ́ lè mú yín fajú ro. Ẹ má tíì dájọ́. Ẹnu tó ti mọ́ ṣúgà lára nílò ìdọ́ méjì mẹ́ta kó tó gbọ́ ohun mìíràn. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan: imú lè tan ahọ́n. Viognier ń ta sánsán bí èso gbígbó, èèyàn á ní ó dùn, nígbà tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ẹ di imú, ẹ fi díẹ̀ sẹ́nu. Bí adùn náà bá ṣì wà lórí ahọ́n, ṣúgà ni; bí ó bá lọ, òórùn ni. Ẹni tó bá wá mọ̀ pé dídùn lòun fẹ́, kó sọ ọ́ fún agbọ́tí láìtijú. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n sì máa ń fi sí ìkẹyìn.

Ó nídìí tí wọ́n fi ń fi sí ìkẹyìn. Èyí tó ń hó ló máa ń ṣáájú, funfun tẹ̀ lé e, rosé tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ píǹkì, pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pupa tó wúwo, kí dídùn tó kádìí rẹ̀. Bí ẹ bá tọ́ dídùn wò kí ẹ tó tọ́ aláìní-ṣúgà, èyí tó tẹ̀ lé e máa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí Tannat bá ṣáájú Viognier, ẹnu tó ti wọ́ kò ní gbọ́ nǹkan kan lára Viognier.

Ní báyìí, ife ti wà níwájú yín. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kì í ṣe ikùn rẹ̀, nítorí ọwọ́ máa ń mú wáìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé e síwájú pépà funfun, kí ẹ tẹ ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wáìnì funfun máa ń pọ́n sí i bó ṣe ń dàgbà; pupa máa ń ṣá sí àwọ̀ bíríkì láti etí ife. Bí funfun ọdún tó kọjá bá ti ní àwọ̀ tíì, nǹkan ti ṣe é. Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ife lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí bí ẹni rí wúrà, kò sọ ju pé agbára ọtí tàbí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó yí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdí ife sórí tábìlì, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin níbẹ̀. Ẹni tó ń yí i lófuurufú ló máa ń dà á sára aṣọ. Ẹ wá ti imú bọ inú ife, kí ẹ fà á ní kúkúrú kúkúrú. Fífà gùn-ún kan máa ń mú kí imú kú ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tijú, torí ìwé pélébé tí wọ́n fún wọn ń sọ̀rọ̀ nípa èso tí wọn kò jẹ rí. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ná. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Bí Blanc du Bois bá rán yín létí gúáfà tàbí awọ ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ sọ ọ́. Bí Tempranillo bá ń rùn bí ewé tábà gbígbẹ tàbí awọ bàtà tuntun, ẹ sọ ọ́, ẹ ò jẹ̀bi; ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Kànáfùrù, ata ilẹ̀, èéfín, wọ́n sábà máa ń wá láti ara àgbá igi óákù tí wọ́n kó wáìnì náà sí. Ìyeyè, àgbálùmọ̀, máńgòrò, ọ̀pẹ̀yìnbó: gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ sọ pé ó dára, kí ẹ sì dákẹ́, torí kò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń rà.

Ẹ mu nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì méjì. Ẹ má gbé e mì. Ẹ fi yí ẹnu ká, kí ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba àárín ètè kọjá lórí rẹ̀, kó tó bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wá. Kíkan: bí itọ́ bá ń sun ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó wà. Tannin, ohun tó máa ń wá láti ara èèpo àti kóró èso: ó máa ń mú kí èrìgì gbẹ, kí ẹnu wọ́, ẹni tó ti jẹ obì rí ti mọ̀ ọ́n ná. Agbára ọtí: ooru tó ń gùn lọ́nà ọ̀fun. Ìwúwo: bóyá ó dà bí omi tàbí bíi wàrà lórí ahọ́n. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; kí ọ̀kan má bo ìyókù mọ́lẹ̀ ni. Ní Texas, èyí tó sábà máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni ooru ọtí, ní pàtàkì bí wáìnì pupa náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. 15 sí 18°C ló tọ́ sí pupa, 8 sí 12°C sí funfun. Lórí tábìlì ìta ní ọ̀sán, pupa lè tó 27°C kíá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò náà sínú garawa yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Funfun tó tutù jù náà kì í sọ̀rọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ikùn ife títí òórùn rẹ̀ á fi jáde. Ibí yìí nìkan la ti gbà kí ẹ dì í níkùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tu ú. Ife tàbí garawa wà lórí tábìlì fún un, bí kò bá sì sí, ẹ béèrè. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè, ẹ tu ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìṣiyèméjì. Ìṣiyèméjì ló ń mú kó dà sí àgbọ̀n. Ẹ fi omi kọ́ ọ nílé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. A mọ̀ pé títu nǹkan láwùjọ kò bá ẹ̀kọ́ ilé wa mu, àmọ́ níbẹ̀ ó jẹ́ àmì pé ẹ wá ṣiṣẹ́. Agbọ́tí gan-an máa ń bu ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń tu. Èyí tí ẹ bá fẹ́ràn jù ní ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìdọ́ kan rẹ̀ mì ní ìkẹyìn, torí ọ̀fun náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń tu náà ń gba díẹ̀ sára. Kò sọ ọ́ di ẹni tó lè wakọ̀. Lẹ́yìn títu, ẹ ka bí adùn náà ṣe pẹ́ tó. Bí ó bá lọ kí ẹ tó ka márùn-ún, wáìnì kúkúrú ni. Bí ó bá kọjá mẹ́wàá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín tí kì í mu wúlò gan-an níbí. Kó sọ ara rẹ̀ di akọ̀wé, kó sì gbọ́ òórùn gbogbo ife, torí imú nìkan ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìtọ́wò. Ẹ ní kó bu wáìnì méjì sínú ife láìsọ èyí tí í ṣe èyí, ẹ̀yin á wá sọ èwo ló gbowó lórí. Ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Wáìnì lè bàjẹ́, àgàgà ní ilé ìtọ́wò, níbi tí ìgò lè ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa tàbí àkísà tó hu, kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi tí wọ́n fi dé ìgò, ló fà á, nípasẹ̀ kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TCA. Kì í pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n kò ní lọ bó ti wù kí ẹ yí i tó. Bí ó bá ń rùn bí àpù tó ti pọ́n lẹ́yìn gígé, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́ jù. Òórùn ọtí kíkan tàbí ti ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná máa ń wá láti ọwọ́ bakitéríà tó ń sọ ọtí di kíkan. Àwọn tó ń mu ẹmu mọ iṣẹ́ ọwọ́ bakitéríà yẹn. Ó wà lára ohun tó ń ṣe ẹmu àárọ̀ bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kejì. Òórùn ìṣáná tàbí ẹyin ni kí ẹ má tètè bínú sí, torí ó lè lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá ń yí ife. Bí nǹkan kan bá ṣe yín bákan, ẹ má pariwo pé ó bàjẹ́. Ẹ kàn bi agbọ́tí pé ìgbà wo ni wọ́n ṣí ìgò yìí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́ ọ wò. Ìgò tuntun ló máa ṣí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má pa ìpara olóòórùn. Lọ́fínńdà ẹnì kan tó láti ba ìtọ́wò tábìlì mẹ́ta jẹ́, wọn ò sì ní sọ fún yín. Ìkunte máa ń lẹ̀ mọ́ etí ife, ó sì máa ń pa ìfófòó wáìnì tó ń hó. Ẹ jẹ oúnjẹ tó dúró nínú kí ẹ tó lọ: ẹyin, búrẹ́dì, ẹran, ohun tó ní ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ata sílẹ̀ di alẹ́. Ata rodo kì í tètè kúrò lórí ahọ́n, ó máa ń sọ agbára ọtí di iná, ó sì ń mú kí tannin korò sí i. Ìdí kan náà ni kì í fi í ṣe pupa tó wúwo lẹ máa rà bó bá jẹ́ pé jọ̀lọ́ọ̀fù tàbí súyà lẹ fẹ́ fi mu ún nílé. Rosé tó tutù ni, tàbí Blanc du Bois tí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mourvèdre àti Tannat fẹ́ ẹran yíyan tí ọ̀rá wà lára rẹ̀, tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Ní ilé ìtọ́wò, wàràkàṣì àti búrẹ́dì ló dáa. Iyọ̀ àti ọ̀rá máa ń mú kí tannin rọ̀. Àmọ́ ẹ tọ́ wáìnì wò ṣáájú kí ẹ tó jẹ wàràkàṣì, torí ó máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ife omi kan fún wáìnì méjì méjì, ó kéré tán.

Ẹni tó lóyún kó má mu. Ẹni tó ń lo Flagyl, ìkìlọ̀ wà lára oògùn náà pé kó jìnnà sí ọtí títí di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá parí rẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), kó wo lébẹ́ẹ̀lì fún sulfites, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí wáìnì tètè bàjẹ́, torí ó lè ta á lára.

Owó tip fún agbọ́tí: 15 sí 20% dára, àgàgà bí wọ́n bá yọ owó ìtọ́wò kúrò fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ wọ ẹgbẹ́ oníwáìnì wọn. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìgò mẹ́ta, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dé bá yín lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, tí wọ́n á sì máa yọ owó lórí káàdì. Ẹ mú ìwé náà lọ sílé, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ Monday bí ìgò mélòó ni, iye rẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń jáde. Ti rírà, ẹ kọ́kọ́ ra ìgò kan kan nínú èyí tí ẹ̀rí yín méjèèjì fẹnu kò lé lórí: ẹni tó tọ́ ọ wò fẹ́ràn rẹ̀, akọ̀wé yín sì kọ ọ́ pé ó kọjá mẹ́wàá. Ẹ má rà á nítorí pé oòrùn ń wọ̀, ẹnu dùn, gbogbo èèyàn ń rà.

Ẹ gbé kúlà tó ní yìnyín sínú búùtù láti ilé. Èyí kì í ṣe àṣejù. Bí ìta bá jẹ́ 30°C, inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn lè kọjá 45°C láàárín wákàtí kan. Wáìnì inú rẹ̀ á wú, á ti kọ́ọ̀kì sókè, òórùn rẹ̀ á sì dà bí èso tí wọ́n sè. Wọn ò ní gbà á padà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá ní kúlà, ẹ fi ìgò ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbà á nígbà tí ẹ bá ń padà, bí wọ́n bá gbà. Bí wọ́n bá máa fi ránṣẹ́ sí Houston, ẹ ní kí wọ́n dúró di November, kí ẹni tó ti pé ọdún 21 sì wà nílé láti fọwọ́ sí i.

Ìgò tí ẹ bá ṣí nílé tí kò tán, ẹ dé e padà, kó wọ fíríìjì, pupa náà pẹ̀lú. Funfun á ṣeé mu fún ọjọ́ mẹ́ta, pupa fún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ gbé pupa jáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Èyí tó ń hó kò ní dúró de ọjọ́ kẹta. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi se ẹran.